Ẹ Jẹ́ Kí Bátìrì Yín Mí

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ hybrid, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lọ sídìí ọkọ̀ yín kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ Toyota Camry Hybrid ti ọdún 2007 sí 2011 ni, ẹ wo orí pẹpẹ tó wà láàárín ìjókòó ẹ̀yìn àti gíláàsì ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ Prius ti ọdún 2004 sí 2015 ni, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ ó rí ojú ihò kan tí wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú. Kí ló wà lórí rẹ̀? Ṣé páálí tíṣù ni? Ṣé Bíbélì ni, àbí ẹní ìkírun? Ṣé fìlà tí ẹ ṣí sílẹ̀ láti òde ọjọ́ Sátidé ni, àbí báàgì ilé-ìwé ọmọ? Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ gbé e kúrò. Imú bátìrì yín nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń mí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí mo ti dí imú ti èmi rí, mo sì ti sanwó rẹ̀.

Camry Hybrid 2009 ni mo rà, tòkunbọ̀, lẹ́yìn tí owó epo ti kó gbogbo wa láyà sókè. Ẹ̀yin náà kò tíì gbàgbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí à ń rà ní iye tí kò tó 200 naira fún lítà kan fò sókè kọjá ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún 2024, ó kọjá 1,000. Ìgbà yẹn ni àwa tí a kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ hybrid bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ó sì nídìí. Ọkọ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó ń fi iná inú bátìrì rìn, tó sì ń gba díẹ̀ nínú agbára eré rẹ̀ padà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá Èkó àti Ìbàdàn mu gan-an. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe takisí ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Prius ni wọ́n ń wà. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù kò ní irú oòrùn oṣù Kẹta tiwa.

Oṣù Kẹta náà ni tèmi ṣẹlẹ̀. A ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kan ní Èkó, a wà márùn-ún nínú ọkọ̀. Àwọn ike àti tówẹ́lì tí wọ́n pín fún wa lóde ìyàwó ni ìyàwó mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ tò sórí pẹpẹ ẹ̀yìn yẹn, títí ó fi bo ìdajì gíláàsì. Èmi ni mo ní kí wọ́n tò ó síbẹ̀. Èmi náà ni mo pa éèsì kí epo má baà tètè tán, tí a sì ṣí gbogbo fèrèsé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ṣágámù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, ìró fáànù tó ń sáré àsápajúdé. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ni. Kò pẹ́ tí iná pupa onígun mẹ́ta fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ẹni tí ebi ń pa.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò fi ẹ̀rọ kankan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo iná pupa náà, ó ní bátìrì ti kú, àfi ká ra òmíràn. Mo rà á. Bẹ́líjíọ̀mù ni, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lókè òkun. Owó tí mo ti tọ́jú fún nǹkan mìíràn nínú ilé ni mo kó lé e lórí. Kò pé oṣù márùn-ún tí iná pupa náà fi padà wá.

Réwáyà kan ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló là mí lójú. Kí ó tó fọwọ́ kan bátìrì rárá, ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì yọ fáànù kékeré kan jáde. Abẹ fáànù náà kò hàn mọ́. Eruku ti dì mọ́ ọn bí ìtẹ́ ẹyẹ, òwú wà nínú rẹ̀, irun wà nínú rẹ̀, bébà súìtì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e síwájú mi.

“Dádì, ẹ wò ó. Bátìrì tí ẹ kọ́kọ́ ní yẹn, kò kú fúnra rẹ̀ o. Wọ́n fún un lọ́rùn ni.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èmi ni “wọ́n” tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi lọ́dọ̀ rẹ̀ àti nínú ohun tí mo ti kà lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí à ń pè ní bátìrì hybrid kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú Camry tèmi, bátìrì pẹlẹbẹ 34 ni wọ́n tò sínú àpótí kan bí ẹní to ìwé. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fólítì 7.2, gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 244.8. Ti Prius tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 28, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 201.6. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe irú èyí, kì í ṣe òjé bíi ti bátìrì tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n so wọ́n mọ́ra ní ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tó fi jẹ́ pé iná tó bá wọ inú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo wọn kọjá kí ó tó jáde. Ẹ fojú inú wo èèyàn 34 tó tò láti odò dé ilé, tí wọ́n ń gbé garawa omi fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹyọ ẹnì kan láàárín bá rẹ̀, kò sí bí àwọn 33 tó kù ṣe lè yára ju ẹni tó rẹ̀ náà lọ. Bátìrì tí wọ́n ní ó ti “kú” sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹyọ kan tàbí méjì ti rẹ̀ nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì yìí kún dẹ́nu, kì í sì í jẹ́ kó gbẹ. Ó ń tọ́jú rẹ̀ sáàárín nǹkan bí ìdá 40 sí 80 nínú 100. Ìtọ́jú yìí ló ń jẹ́ kó pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Toyota ti ń ta Prius ní Jàpáànù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà lórí bátìrì náà tẹ́lẹ̀ fún ọdún 8 tàbí máìlì 100,000. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2020, wọ́n sún un sí ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. Kò sí oníṣòwò tí yóò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó ń tètè bàjẹ́. Ìṣòro tiwa ni pé ọkọ̀ tí à ń rà ti lo ìlérí náà tán kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá tàbí Kùtọnu. Àwa la ni ìyókù ẹ̀mí rẹ̀ láti tọ́jú.

Ooru ló ń pa á. Nígbàkúùgbà tí iná bá ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tàbí tó ń jáde, ara sẹ́ẹ̀lì náà ń gbóná. Wọ́n wá fi fáànù sí i kó máa fa afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí kò fa afẹ́fẹ́ ìta sí i, wọn kò sì fi omi rédíétọ̀ tù ú lára. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin àti èrò yín ń mí nínú ọkọ̀ ni òun náà ń mí. Bí ẹ bá ń làágùn níwájú, ó ń jóná lẹ́yìn. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yóò di atẹ́gùn, yóò gba ihò tíntín tó wà lára rẹ̀ sá lọ, kò sì ní padà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ díẹ̀ yóò máa gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru náà yóò sì tún gbẹ ẹ́ sí i. Àwọn tó wà láàárín àpótí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń rí ibi tú ooru tiwọn sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi tó tóbi jù lọ nìyí: ẹ má fi éèsì ṣahun. Mo mọ̀ pé epo wọ́n. Mo mọ̀ pé awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ń ka náírà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú hybrid, éèsì kì í ṣe fàájì. Bí ẹ bá pa á lọ́sàn-án gangan, tí ẹ sì ṣí fèrèsé, ohun méjì ni ẹ ṣe fún bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ gbígbóná, ẹ sì tún bu eruku ojú títì sí i lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́, ẹ wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yín lówùúrọ̀; bí eruku ṣe bo ibẹ̀ ló ṣe ń wọ inú fáànù lẹ́yìn. Epo tí ẹ fi pamọ́ lórí éèsì lè má tó owó bátìrì. Bó bá jẹ́ inú oòrùn ni ẹ gbé ọkọ̀ sí, bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rí ìbòjì ní Sẹkitéríàtì, ẹ má kàn jókòó kí ẹ sì gbéra. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìṣẹ́jú kan kí ooru jáde, ẹ tan éèsì, kí ẹ tó máa lọ.

Ní ti fáànù fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ owó. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi. Àwọn ọkọ̀ kan tó tún jẹ́ tuntun díẹ̀ ní asẹ́ lójú ihò náà tí ẹ lè yọ fúnra yín kí ẹ gbọn ọ́n. Èyí tí kò bá ní, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú ihò náà bí ẹ ṣe ń nu gíláàsì. Bí ẹ bá gbọ́ tí fáànù ń hó lẹ́yìn lọ́nà tí kì í fi í hó tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe ní Ṣágámù. Ó ń sọ fún yín pé ara ń gbóná. Ẹ tún máa wo àwòrán bátìrì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù: bí ó bá ń kún fọ́fọ́ lójijì, tó sì tún ń fà dé ìsàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ẹ́ńjìnnì sì ń tàn lemọ́lemọ́, àárẹ̀ ti wọlé nìyẹn, bí iná pupa kò tilẹ̀ tíì tàn.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn awakọ̀ Èkó sọ̀rọ̀ jíà. Ó ti mọ́ wa lára láti fa jíà sí N bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Nínú hybrid Toyota, bí jíà bá wà ní N, kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fi iná kún bátìrì ńlá náà, bó ti wù kó máa ké tó. Bẹ́ẹ̀ éèsì ń mu nínú iná yẹn, iná iwájú ń mu, rédíò ń mu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan lórí Third Mainland Bridge, ẹ ti fa bátìrì gbẹ dé ibi tí kọ̀ǹpútà kò fẹ́ kó dé. Ẹ fi jíà sílẹ̀ ní D, kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí ìdúró náà bá pẹ́, ẹ fi sí P. Níbi méjèèjì yìí, ọkọ̀ yóò tan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá nílò iná.

Ẹ má sì jẹ́ kí epo gbẹ nínú táǹkì. Hybrid tí epo tán nínú rẹ̀ ṣì lè rìn díẹ̀ lórí bátìrì nìkan, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, tí wọ́n fi ń wà á lọ títí dé ilé epo. Díẹ̀ yẹn ni ẹ ń fi ẹ̀mí bátìrì rà.

Ìjókòó lásán náà ń pa á. Mo mọ àwọn ìyá tó ń lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Texas fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n á ti ọkọ̀ mọ́ inú gáréèjì, tí wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Bátìrì tí a kò lò ń jò díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan sì máa ń jò ju èkejì lọ, tí wọn kò fi ní wà lórí ìwọ̀n kan náà mọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Kó wà á jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Bátìrì kejì kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀ pé ó wà. Yàtọ̀ sí ti ńlá yìí, gbogbo hybrid Toyota tí à ń wà níbí tún ní bátìrì kékeré onífólítì 12. Nínú Prius, inú búùtù ló wà. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà. Bó bá ti rẹ̀, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù lè tàn bí igi Kérésìmesì, onígun mẹ́ta pupa náà á wà nínú wọn, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti tan. Àwọn èèyàn ti sanwó bátìrì ńlá nígbà tó jẹ́ pé kékeré yìí ló ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà wọn kékeré náà. Bó bá wà ní àlàáfíà, tí ọkọ̀ sì wà ní pípa, ó yẹ kó tó fólítì 12.6 tàbí kó súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi wáyà gba iná láti ara ọkọ̀ mìíràn, ẹ rọra. Bí ẹ bá gbé wáyà pupa síbi tó yẹ kí dúdú wà, ohun tó máa jóná lè ju bátìrì lọ.

Ibi tí owó wa ti ń sọnù jù lọ ni ìdí iná pupa. Iná pupa onígun mẹ́ta kò túmọ̀ sí pé bátìrì ti kú. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú kóòdù tí sikánà yóò kà jáde. P0A80 ni kóòdù tó ń nàka sí bátìrì ńlá. Ṣùgbọ́n P0A93 ń sọ̀rọ̀ nípa ìtutù inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà kí mọ́tò oníná lè lò ó, ó sì lè jẹ́ páǹpù omi kékeré kan péré ló kọṣẹ́. Iná pupa kan náà ni méjèèjì ń tàn. Ẹni tó bá wo iná lásán tó sì dárúkọ owó bátìrì fún yín, bí babaláwo tí kò dífá tó ń ka ẹbọ ni.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ P0A80, ẹ má tíì sanwó. Kọ̀ǹpútà inú Camry ń ka sẹ́ẹ̀lì ní méjì-méjì, nọ́ńbà 17 ni yóò sì fi hàn yín. Ti Prius jẹ́ 14. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé kó jẹ́ kí ẹ rí gbogbo nọ́ńbà yẹn nígbà tí ọkọ̀ ń fà, kì í ṣe nígbà tó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà ìfà ni òtítọ́ ń jáde. Bí mẹ́rìndínlógún bá jọra, tí ẹyọ kan sì já sílẹ̀ pẹ̀lú fólítì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti mọ ibi tí ìyọnu wà. Bí ẹ bá ní fóònù Android, ẹ lè wò ó fúnra yín. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́bàá orúnkún awakọ̀, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Áàpù tó ń jẹ́ Dr. Prius á sì ka nọ́ńbà náà jáde fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ ra hybrid tòkunbọ̀ yẹ kó mú ẹni tó ní irú ohun bẹ́ẹ̀ dání lọ sí ibi ìtajà, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú ogún pẹ̀lú éèsì kí owó tó kúrò lápò. Ọkọ̀ tí omíyalé ti bò rí lókè òkun tún ń dé ọjà wa. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí réwáyà mi ṣí bátìrì Bẹ́líjíọ̀mù yẹn, sẹ́ẹ̀lì méjì ló ti rẹ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo àwọn kọ́pà tó so wọ́n pọ̀. Ó bá mi sọ òtítọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀. Pípààrọ̀ ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn, ooru kan náà ló sì ti nà wọ́n. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan lónìí, òmíràn lè dìde lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó lè fún yín láyè láti kó owó jọ, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi iná kún gbogbo sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n tún fi kún un, títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba. Ọjọ́ mẹ́rin ni tèmi gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá gbé ọkọ̀ yín lẹ́yìn wákàtí méjì kò tíì mú wọn dọ́gba.

Ní ti Bẹ́líjíọ̀mù, mi ò ní kí ẹ má rà á, nítorí mo mọ bí àpò wa ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bátìrì náà ti gbó lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ti jókòó nínú kọ̀ǹténà gbígbóná lórí òkun láìsí ẹni tó fi iná kún un, ó sì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ládípò tàbí níbòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n dán gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò lójú yín. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ iye oṣù tí wọ́n máa fi dúró tì í sí. Èmi kò gba ìwé kankan.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n “yọ hybrid kúrò”, kí ọkọ̀ máa lo ẹ́ńjìnnì nìkan. Nínú Toyota tí mò ń sọ yìí, kò sí stáátà lásán tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí, kò sí ọ́tánétọ̀ tó ń fi iná kún bátìrì kékeré, jíà rẹ̀ kì í sì í ṣe jíà tí a mọ̀. Mọ́tò oníná méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, ara bátìrì ńlá ni wọ́n sì ti ń jẹun. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ọkọ̀ kò ní tan. Ohun tí wọ́n máa ṣe gan-an ni pé wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn, jíà mìíràn àti wáyà mìíràn sí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí ìyẹn máa ná yín.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan ẹ̀mí. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti réwáyà, ẹ dákun, ẹ má rán ọmọṣẹ́ sídìí wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé iná bátìrì ńlá. Ṣé fólítì 201 tàbí 244 kéré sí ohun tó lè gbé èèyàn? Iná NẸ́PÀ tó ń pa èèyàn nínú ilé kò ju nǹkan bí 230 lọ. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ pa ọkọ̀, kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, kí wọ́n tú bátìrì kékeré, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn tó wà lára bátìrì ńlá, kí ẹni tó yọ ọ́ fi í sápò ara rẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú inverter lè wálẹ̀. Síbẹ̀, iná ṣì wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná ńlá ni wọ́n ń wọ̀, kì í ṣe ìbọ̀wọ́ ìfọṣọ, wọn kì í sì í wọ òrùka tàbí ẹ̀wọ̀n ọrùn sídìí rẹ̀. Omi inú sẹ́ẹ̀lì náà jọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ fíìfíì. Ó ń bó awọ ara, ó sì ń fọ́ ojú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ níye lórí. Ẹ tà á lódindi fún ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ mi ṣì ń lọ. Ẹ̀rùn kan ti kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, àwọn nọ́ńbà 17 sì ṣì ń rìn pọ̀. Mò ń wò wọ́n lóṣooṣù. Ẹrù òde kì í dé orí pẹpẹ ẹ̀yìn mọ́, inú búùtù ló ń lọ.

Ní ọjọ́ tí mo lọ gbé e, mo wo ìwé ìṣirò owó tí réwáyà náà kọ fún mi. Iye tó gbà láti fọ fáànù nìkan kò tó owó lítà epo mẹ́wàá. Mo bi í léèrè pé, kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ kò tú fáànù yìí wò kí ó tó ní kí n lọ ra bátìrì.

Ó ronú díẹ̀. “Dádì,” ó ní, “bóyá kò sẹ́ni tó ní kó wò ó ni.”